Fóònù inú àpótí, owó inú báàgì: ọ̀ràn kan ní ilé iṣẹ́ omi l'Ábẹ́òkúta

Èmi ni mo ń tọ́jú ìwé àwọn òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ píọ́ wọ́tà kan lápá Láfẹ́nwá, l'Ábẹ́òkúta, nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Mo ti kúrò níbẹ̀ báyìí. Fóònù kan àti owó èésú kan pòórá lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọwọ́ obìnrin kan náà ni méjèèjì sì ti sọnù. Nígbà tí a jókòó lé ọ̀rọ̀ náà, fóònù di gbèsè sí ilé iṣẹ́ lọ́rùn, owó kò di gbèsè. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni kò mọ ohun tó fa ìyàtọ̀ yẹn. Èmi tí mo ń jókòó nínú ọ́fíìsì gan-an kò mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà, ohun tí àìmọ̀ mi sì fà wà nínú ìtàn yìí.

Ilé iṣẹ́ náà ní òfin kan: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú fóònù wọ yàrá tí ẹ̀rọ ti ń rọ omi sínú náílọ́ọ̀nù. Mi ò bá òfin yẹn jà rí. Omi tí àwọn èèyàn ń mu ni, ọwọ́ tó ti di fóònù mú kò yẹ kó tún lọ di náílọ́ọ̀nù mú. Nítorí náà, bí òṣìṣẹ́ bá dé géètì láàárọ̀, á fa fóònù rẹ̀ lé Bàbá tó ń ṣọ́ géètì lọ́wọ́. Bàbá á fún un ní pélébé páànù tí wọ́n fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sí lára, á wá tọ́jú fóònù náà sínú àpótí onígi tó wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀. Lálẹ́, ẹni tó bá dá páànù padà ló máa gba fóònù. Ẹni tó bá kọ̀ láti fi tirẹ̀ sílẹ̀ kò ní wọlé. Mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n dá padà sílé nítorí ẹ̀, kò sì gba owó ọjọ́ yẹn.

Báàgì ní tirẹ̀, kò sí ẹni tó ń gbà á lọ́wọ́ ẹni. Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn táǹkì níbi tí àwọn obìnrin ti ń pààrọ̀ aṣọ. Ìṣó ni wọ́n kàn mọ́ ògiri rẹ̀, ara ìṣó yẹn ni kálukú ń fi báàgì kọ́. Ìwé kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá náà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, pé ilé iṣẹ́ kò ní dáhùn fún ẹrù ẹnikẹ́ni tó bá sọnù. Èmi ni mo tẹ ìwé yẹn, èmi náà ni mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí, kò sí ẹni tó lè rí i.

Ìyá Èésú ni wọ́n ń pe obìnrin tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ara àwọn tó ń ka omi sínú àpò ni, ogún ẹyọ nínú àpò kan, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Obìnrin méjìlá ló ń dá èésú lọ́dọ̀ rẹ̀, ₦5,000 lẹ́nìkọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ọjọ́ Sátidé yẹn, nínú ọyẹ́, ni ọ̀kan nínú wọn máa kó o. Owó ìdánwò wáyẹ́ẹ̀kì ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ lọ san. Gbogbo owó ti pé láàárọ̀, ₦60,000, Ìyá Èésú dì í sínú ìdìkù, ó fi í sísàlẹ̀ báàgì, ó kọ́ báàgì mọ́ ìṣó. Fóònù rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Bàbá, páànù nọ́ńbà 17 sì wà nínú àpò búláòsì rẹ̀.

Aago 1:35 ọ̀sán ni wọ́n sinmi. Ó lọ sí géètì pé kí Bàbá bá òun mú fóònù, kí òun fi pe ẹ̀gbọ́n ọkọ òun. Bàbá fa àpótí jáde, ó tú u títí, kò rí nọ́ńbà 17. Àwọn yòókù pé. Obìnrin náà kò tíì kígbe. Ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ lọ sí báàgì, ó sáré lọ sẹ́yìn táǹkì, ó bá báàgì lórí ìṣó rẹ̀ níbi tó fi í sí, síìpù rẹ̀ sì ti là sílẹ̀. Ìgbà yẹn la wá gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ọ́fíìsì.

Máníjà ní kí wọ́n ti géètì. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jáde, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ pe ìta, kí olè má baà rí ẹni ránṣẹ́ sí. Wọ́n to gbogbo wa sí àgbàlá nínú oòrùn, wọ́n ń tú ẹrù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fẹ́ kí awakọ̀ kan tú ara àwọn obìnrin wò. Mo ní kò ní ṣẹlẹ̀ lójú mi, pé obìnrin ni yóò yẹ obìnrin wò, nínú yàrá, kò sì ní ju àpò aṣọ àti báàgì lọ. Ó gbà. Àyẹ̀wò yẹn gbà wá ju wákàtí méjì ààbọ̀ lọ, a kò rí ohunkóhun.

Láàárín ìgbà yẹn, Ìyá Èésú ń tẹ̀ lé máníjà káàkiri.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n pe báǹkì. Síìmù mi ló wà nínú fóònù yẹn o.”

“Fara balẹ̀ ná. Ta ló máa bá ọ sá lọ?”

Aago 4:20 ni wọ́n ṣí géètì, ó sì fi fóònù mi pe báǹkì. Wọ́n ti fi kóòdù gbé owó lọ lẹ́ẹ̀mejì: ₦20,000 ní aago 2:26, ₦18,000 ní aago 2:51. Nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ, a ṣì tò sínú oòrùn, fóònù mi sì wà nínú ọwọ́ mi. Àwa ará ọ́fíìsì kì í fi tiwa sílẹ̀ ní géètì. Máníjà ló ní ká má pe ìta, mo gbọ́ tirẹ̀. Títí di òní ni ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí, mi ò sì lè kọ ìtàn yìí kí n fò ó.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, àgbàlá pín sí méjì. Àwọn kan ní ká gbé Bíbélì àti Kùránì jáde kí kálukú búra. Àwọn mìíràn ní ìyẹn kò mú mọ́, ká lọ bá alágbẹ̀dẹ kí gbogbo wa fẹnu kan irin. Ìyá Èésú fúnra rẹ̀ ló kọ̀ ọ́. Ó ní, “Ṣé kí n wá máa ka ọjọ́ tí ẹnì kan nínú yín máa dùbúlẹ̀ àìsàn ni? Mi ò bá wọn ṣe.” Bí ìyẹn ṣe parí nìyẹn.

Èmi gba àkọsílẹ̀ lẹ́nu Bàbá. Ọmọ Òwu ni, àgbàlagbà, ó ti ṣọ́ géètì yẹn fún ọdún mọ́kànlá. Ó ní nǹkan bí aago 11:30, máníjà ránṣẹ́ sí òun pé kí òun wá bá wọn gbẹ́rù sínú ọkọ̀ tó ń lọ Ayétòrò, torí ọmọ ọkọ̀ kò wá. Òun wà níbẹ̀ fún bí àádọ́ta ìṣẹ́jú. Mo bi í pé ta ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ní géètì. Kò sí ẹnikẹ́ni. Mo bi í pé ṣé ó ti àpótí. Ó wò mí, ó ní, “Àǹtí, ẹ ṣáà mọ̀ pé kò ní àgádágodo.”

Òótọ́ ni, mo mọ̀. Mo lọ ṣí ìwé tí a fi ń kọ ohun tí ilé iṣẹ́ nílò. Ó wà níbẹ̀ nínú ìwé ọwọ́ mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú: àgádágodo kan fún àpótí fóònù, ₦4,500. Máníjà kò tíì fọwọ́ sí i. Mo ya fọ́tò ojú ìwé náà kí ẹnikẹ́ni tó rántí pé ó wà.

Lọ́jọ́ Túsìdeé, máníjà dá ẹjọ́ tirẹ̀. Ó ní ìkìlọ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, nítorí náà ilé iṣẹ́ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ó ní Bàbá ló pàdánù fóònù, wọn yóò máa yọ ìdajì owó oṣù rẹ̀ títí owó fóònù yóò fi pé. Ó sì ní kí n kọ ìwé ìkìlọ̀ fún Ìyá Èésú pé ó mú owó ńlá wá síbi iṣẹ́. Mi ò kọ ọ́. Mo bẹ̀bẹ̀ fún ọjọ́ méjì, mo gba ọ̀nà Ìṣábọ̀ lọ, níbi tí àwọn lọ́yà pọ̀ sí nítorí ilé ẹjọ́ májísíréètì tó wà ládùúgbò náà. Ọ̀kan nínú wọn bá wa tan.

Mo ti ro gbogbo ẹjọ́ tán kó tó lanu. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: “Nígbà tí nǹkan náà sọnù, ìkáwọ́ ta ló wà?”

Ìdí ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ó ní nínú òfin tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, pé ẹnì kan gba èèyàn síṣẹ́ kò tó láti sọ ọ́ di ẹni tó ń ṣọ́ ẹrù rẹ̀. Ó mú ẹjọ́ kan wá tí wọ́n dá ní London lọ́dún 1946, Deyong v Shenburn. Òṣèré orí ìtàgé kan ni wọ́n jí aṣọ rẹ̀ nínú yàrá tó ti ń múra, ó sì pe ọ̀gá rẹ̀ lẹ́jọ́. Ilé ẹjọ́ ní ọ̀gá kò jẹ ẹ́ ní irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Ìdájọ́ òkèèrè kò de adájọ́ tiwa, ṣùgbọ́n inú irú rẹ̀ ni òfin wa ti hù jáde, àwọn adájọ́ wa sì máa ń wò ó. Báàgì orí ìṣó bá ti òṣèré yẹn mu. Kò sí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ Ìyá Èésú, kò sí ẹni tó sọ fún un pé ibẹ̀ ni kó fi owó sí, kò sí ọ̀gá kankan tó mọ̀ pé ₦60,000 wà níbẹ̀.

Mo bá a jiyàn lórí ìyẹn. Mo ní ṣé yàrá tí kò ní kọ́kọ́rọ́ ló yẹ kí wọ́n fún òṣìṣẹ́ ni? Ó gbà pé ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀. Òfin Factories Act ilẹ̀ wa ní kí ilé iṣẹ́ pèsè ibi tó yẹ fún aṣọ tí òṣìṣẹ́ bọ́ sílẹ̀. Lórí irú òfin bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ẹjọ́ ti sọ lọ́dún 1949 pé bí a bá ń wò ó bóyá ibẹ̀ yẹ, ewu olè wà lára ohun tí a ó wò. Ó wá ní, “Aṣọ ni òfin yẹn dárúkọ. Bí ẹ bá fẹ́ fà á dé ọ̀dọ̀ owó èésú, yóò já.” Inú mi kò dùn, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tó wí.

Fóònù yàtọ̀ pátápátá. Ilé iṣẹ́ ló pàṣẹ kí wọ́n fi í sílẹ̀ ní géètì, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ló gbà á, páànù ilé iṣẹ́ ni wọ́n fi dípò rẹ̀, obìnrin náà kò sì lè débẹ̀ títí di ìsinmi. Ohun tí a fà lé ènìyàn lọ́wọ́ báyìí ti di ohun ìfipamọ́. Bí kò bá sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí oníǹkan béèrè, ẹni tó gbà á ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun tọ́jú rẹ̀ bó ṣe yẹ. Oníǹkan kò ní láti wá olè kiri. Àpótí wa kò ní àgádágodo, ẹni tó ń ṣọ́ ọ ń gbẹ́rù, ọ̀gá ló sì ní kó lọ gbé e. Lọ́yà náà wo fọ́tò ojú ìwé àgádágodo, ó dá fóònù mi padà fún mi, kò sọ ohunkóhun lórí ẹ̀.

Mo béèrè ìwé tí mo lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó tún sọ ẹjọ́ 1949 mìíràn fún mi, Olley v Marlborough Court. Tọkọtaya kan gba yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n sanwó níbi tí wọ́n ti ń gba àlejò. Ìgbà tí wọ́n wọ yàrá ni wọ́n tó bá ìwé lára ògiri pé òtẹ́ẹ̀lì kò ní dáhùn fún ohun tó bá sọnù. Wọ́n jí ẹrù obìnrin náà. Ilé ẹjọ́ ní ibi tí wọ́n ti sanwó ni àdéhùn ti parí, ìwé inú yàrá ti pẹ́ jù. Géètì ni Ìyá Èésú ti fa fóònù sílẹ̀. Kò sí ìwé kankan ní géètì.

Ti Bàbá ló ya mí lẹ́nu jù. Apá 5 nínú Òfin Òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa (Labour Act) kò gbà kí ọ̀gá máa yọ owó nínú owó iṣẹ́ òṣìṣẹ́ láti fi ṣe owó ìtanràn. Bó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ohun tó pa ilé iṣẹ́ lára, tàbí tó ṣàìbìkítà, wọ́n lè yọ ìwọ̀n tó mọ níwọ̀n, ṣùgbọ́n ọ́fíísà ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i nínú ìwé. Máníjà kò tilẹ̀ mọ ibi tí ọ́fíìsì wọn wà. Mo ti ń kọ ìwé owó oṣù níbẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, mo sì ti yọ irú owó bẹ́ẹ̀ lára àwọn èèyàn nítorí wọ́n ní kí n yọ ọ́.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeé, Màmá tó ni ilé iṣẹ́ wá fúnra wọn. Èmi ni mo pè wọ́n. Ìyá Èésú mú ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin wá, aládìrẹ ní Ìtòkú. Máníjà tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Aládìrẹ náà jẹ́ kó sọ ọ́ tán, ó kúnlẹ̀ kí Màmá, ó ní:

“Màmá, ẹ̀yin náà mọ iṣẹ́ wa. Bí oníbàárà bá kó aṣọ fún mi kí n bá a rẹ ẹ́ láró, tí mo sá a sílẹ̀, tí mo bá tèmi lọ, tí ewúrẹ́ wá jẹ ẹ́. Ṣé màá sọ fún un pé mo ti lẹ ìwé mọ́ ògiri ilé mi ni?”

Màmá kò dá a lóhùn. Wọ́n yíjú sí mi pé kí n mú ìwé àgádágodo wá. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n bi máníjà pé, “₦4,500?” Ó ní owó kò sí lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ náà. Láti ibẹ̀, ọ̀rọ̀ fóònù kò le mọ́. Ìyá Èésú ní rìsíìtì rẹ̀: Pánsẹ́kẹ́ ló ti rà á, ₦110,000, oṣù mẹ́rìnlá sẹ́yìn. A béèrè iye tí irú rẹ̀ tí wọ́n ti lò ń lọ, wọ́n fẹnu kò sí ₦80,000, wọ́n pín in sí ọ̀nà méjì san. Wọ́n fagi lé yíyọ owó Bàbá.

Lórí ₦38,000 tó kúrò ní báǹkì ni wọ́n ti pẹ́ jù. Máníjà ní olè ló gbé e, ilé iṣẹ́ kọ́. Mo sọ ọ́ níbẹ̀ pé aago 1:35 ni a ti mọ̀ pé fóònù ti sọnù, 2:26 ni owó àkọ́kọ́ lọ, láàárín méjèèjì obìnrin yìí ń bẹ̀ wá kí ó pe báǹkì, a kò jẹ́ kó pè. Mo ní èmi náà wà níbẹ̀, mo sì ní fóònù. Wọ́n gbà láti san ìdajì, ₦19,000. Lójú tèmi, gbogbo rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n san. Ẹni tó bá ti èèyàn mọ́lé nígbà tí olè ń kó o kò lè sọ pé òun kò mọ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdajì ni wọ́n san, Ìyá Èésú sì gbà á nítorí kò ní agbára ilé ẹjọ́.

Owó èésú, wọn ò san kọ́bọ̀. Mo sọ ohun tí lọ́yà sọ fún obìnrin náà lójú rẹ̀, kí ó má baà ro pé mo fi pa mọ́ fún un. Ká ní òfin géètì kan báàgì náà ni, ká ní wọ́n ní kí wọ́n fi owó sọ́dọ̀ Bàbá tàbí sọ́dọ̀ mi, ìbá di gbèsè bí ti fóònù.

Ti ọlọ́pàá kò gùn. Ó lọ fi ẹjọ́ sùn, ó gba ìwé ìbúra nílé ẹjọ́, ó fi nọ́ńbà NIN rẹ̀ gba síìmù padà. Páálí fóònù ṣì wà nílé, nọ́ńbà IMEI tí a fi ń dá fóònù kọ̀ọ̀kan mọ̀ wà lára rẹ̀, ó fún wọn. Wọn ò rí fóònù náà di bí mo ṣe ń kọ èyí, a kò sì mọ ẹni tó gbé e.

Àpótí ti ní àgádágodo báyìí, kọ́kọ́rọ́ méjì. Ìwé kan wà ní géètì tí wọ́n ń kọ fóònù kọ̀ọ̀kan sí, láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí Bàbá yóò bá kúrò nídìí géètì, ẹni tó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Mo yọ ìwé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo kọ òmíràn ní Yorùbá sí ara géètì, lẹ́tà gàgàrà: ẹni tó bá mú owó wá, kó fà á lé ọ́fíìsì lọ́wọ́, kó gba rìsíìtì. Màmá ka gbólóhùn yẹn, wọ́n ní ṣé mo mọ̀ pé mò ń gbé ẹrù lé ilé iṣẹ́ lórí. Mo ní mo mọ̀, mà. Wọ́n ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Aládìrẹ yá Ìyá Èésú ní ₦60,000 lálẹ́ ọjọ́ ìpàdé, ọmọ náà sì rí owó wáyẹ́ẹ̀kì san. Ìyá Èésú ń dá a padà ní ₦5,000 lóṣù. Nígbà tí mo kúrò níbẹ̀, ó ku ₦15,000. Àwọn obìnrin méjìlá náà ṣì ń dá èésú, inú àkáǹtì ni wọ́n ń fi í sí báyìí, òun náà ni wọ́n ṣì ń fi í ránṣẹ́ sí.